Ìdákẹ́ Wákàtí Méjìlá

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 2003

Rédíò Bàbá tún dákẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Kì í ṣe bátìrì. Àná ni mo ra tuntun sí i. Ohùn tó ń ka ìròyìn láti òkè òkun kàn rì sínú ariwo ṣìì, bí ìgbà tí èèyàn da omi sórí irin gbígbóná. Edith, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní kí n lọ gbé e jù nù. Mo ní oòrùn ló ń bínú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ lọ pe pásítọ̀ rẹ̀.

Òótọ́ ni mo sọ. Láti oṣù keje ni mo ti ń ka ojú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ oòrùn, ní kafé íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòsì. Ìbéèrè ìdánwò Jọ́gíráfì ni mo wá lọ, mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó sínú oòrùn. Wọ́n ní ó máa ń bú gbàmù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ wa ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìjì fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́nà — ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ìkìlọ̀ ti dé, ìyà ń bọ̀. Ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi kọ ìtàn?

Mo fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Ọ̀gá Richard. Àjàdí, asáré ìlú kan tí ìjì oòrùn kì í jẹ́ kó sinmi. Bí ìjì bá ti balẹ̀, Ìdákẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: wákàtí méjìlá gbáko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wà níta. Àjàdí wà lójú ọ̀nà, ó ń sá bọ̀ nílé kí ìjì tó ká a mọ́ ìta. Ó ku apá kan péré. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀, ni Ọ̀gá Richard fẹ́ gbà á.

Mo ti mọ bí yóò ṣe parí. Yóò dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn títí, wọn kò ní ṣí. Ó dára gan-an. Ẹkún ni wọ́n máa sun.

Ọjọ́ Ajé, 20

Bàbá Nọ́ọ̀tì kò gbà.

Bàbá Nọ́ọ̀tì ni mo ń pe Gafar, àbúrò mi, nítorí nọ́ọ̀tì àti bóòtù ló ń tà ní Owódé Onírin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnu rẹ̀ tó ti ẹni àádọ́rin. Àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde ló bá a wáyé. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, èmi nìkan ló ń pè. Kò fẹ́ kí àwọn ará ọjà mọ̀, kí wọ́n má baà máa káàánú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni káàdì ọsibítù rẹ̀ wà, èmi ni mo mọ nọ́ọ̀sì tí à ń bẹ̀.

Ó pè mí láti ṣọ́ọ̀bù. "Aunty mi, ta ló máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní ṣílẹ̀kùn? Irọ́ nìyẹn jàre." Mo ní òfin ìlú ni. Ó ní òfin wo, òfin tí ẹ fi bírò kọ.

Òun náà ló sì sọ òfin yẹn di eré fún wa! A ya pátákó méjì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀tì ni ọmọ ayò. Mo máa ń ka nọ́ḿbà ìjì ní kafé, màá fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i, a ó fi rìn. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá dé ayé ní tòótọ́, Ìdákẹ́ dé. Láti ìgbà tó bá dé, wákàtí méjìlá. Ẹni tó bá pe ẹnì kejì lórí fóònù, tí onítọ̀hún kò gbé e, ẹni tó pè ti pàdánù. Bí onítọ̀hún bá gbé e, òun ló pàdánù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tí ń kọ́mọ níwèé, ẹ wo ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

SS2. Ìlà òòró àti aago. Mo ní bí aago mẹ́fà bá lù ní GMT, méje ni tiwa ní Èkó. Ọmọ mọ́kànlá ló gbàgbé láti fi wákàtí kan kún un. Mo fi bírò pupa fa gbogbo wọn. Mo ní ẹni tó bá sọ wákàtí kan nù, ọkọ̀ òfuurufú á fò kọjá lórí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23

Oòrùn tún bú. Kò sí iná.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Ìjì wọlé lónìí. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ìdákẹ́ wa àkọ́kọ́! Mo fi tẹ́ẹ̀sì sọ fún Bàbá Nọ́ọ̀tì láti kafé.

Kò tó wákàtí méjì, fóònù dún. Òun ni. Mo ní n kò ní gbé e. Ó tún dún. Ó tún dún. Ọkàn mi kò gbà á, mo gbé e. Ó ń kérora. "Aunty mi, ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi o." Mo ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, mo ti mú káàdì ọsibítù lọ́wọ́, kí n tó gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun borí.

Ọmọ burúkú. Mo bú u dáadáa. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún díẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀. N kò ní gbé e mọ́ láé nínú Ìdákẹ́. Kó máa pè.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Mo lọ bá a ní Owódé. Yàrá rẹ̀ ń rùn bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, pátákó eré wa wà lára ògiri bí fọ́tò ìgbéyàwó. Felix wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà kan náà. Ó ra mínírà fún mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Gafar tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, aláṣejù. Lẹ́yìn náà ni a ta tẹ́tẹ́: Ìdákẹ́ tó bá tún dé ni yóò pinnu Àjàdí. Bí mo bá borí, Àjàdí á kú sẹ́nu ọ̀nà. Bí òun bá borí, wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún un. Bí àwa méjèèjì bá sì dákẹ́ títí wákàtí méjìlá fi pé, òun ló ni ín, nítorí òun ló borí kẹ́yìn. Mo gbà. Mo mọ̀ pé kò lè pa ẹnu mọ́ fún wákàtí méjìlá.

Ó wá ní kí a fi ẹyọ kan kún òfin. Pé bí ó bá jẹ́ àìsàn tòótọ́, kí ìpè má jẹ́ eré mọ́. Mo ní rárá. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ó máa fi ṣe màgòmágó, mo mọ̀ ọ́n. Òfin tó bá ní ojú ihò kì í ṣe òfin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, Aunty Olófin." Ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 27

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gafar kò gbọdọ̀ gbà á, dókítà ní omi ni kó máa mu. Ó ní òun á gba ti ẹnu, òun ò ní sọ̀sọkúsọ títí di ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ gba ti ọjọ́ kan ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Oòrùn bú lónìí, irú èyí tó le bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ láti ọdún mélòó kan! Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá GMT — méjìlá kọjá mẹ́wàá tiwa, nígbà tí mo ń bá JSS3 sọ̀rọ̀ òkúta. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ní àwa ló kọjú sí tààrà. Ìjì náà kò ní lo ọjọ́ méjì lọ́nà. Ó ń sáré.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin láìdúró. Àjàdí ń rí ọ̀run tó ń pọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ kíkàn tó kan ilẹ̀kùn. Mo kọ ìyá rẹ̀ nínú ilé, tó ti ọwọ́ bọ ẹnu ara rẹ̀ kó má baà dáhùn. N kò kọ irú rẹ̀ rí. Mo ti fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún Ọ̀gá Richard kó kọ́kọ́ wò ó.

Tẹ́ẹ̀sì Gafar: "Mo ti ṣetán. Àjàdí ò ní kú. Òjò pa mí lánàá o, òtútù ń mú mi." Mo ní kó mu tíì gbígbóná, kó má wá àwáwí sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 29

Àárọ̀, ní kafé. Ó dé! 6:11 GMT. Bíi wákàtí mọ́kàndínlógún ló lò lọ́nà. Mo ti fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí Bàbá Nọ́ọ̀tì. Ìdákẹ́ parí ní 7:11 ìrọ̀lẹ́. Mo ń sáré lọ fún àpéjọ àárọ̀.

Ìrọ̀lẹ́. MO BORÍ!

Mo ń ṣínu, Edith ń bá mi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, bí ẹni pé òun náà gbààwẹ̀. Mo wo fóònù. Ìpè mẹ́ta látọ̀dọ̀ Bàbá Nọ́ọ̀tì: 6:12, 6:14, 6:21. Inú àpò ló wà tí èmi ń kírun tí mo ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Edith ní, "Aunty Tíṣà, ẹ gbé e jàre. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ṣe é." Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ọjọ́ Ẹtì fún un. Mo ní ó ku bí ìdajì wákàtí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́ ni, ó fẹ́ tàn mí. A jọ ń wo fóònù náà títí tó fi dákẹ́.

Ó pè, n kò gbé e. Ó pàdánù. Àjàdí kú nìyẹn. Aago méje ku ogún. Bó bá di 7:11 báyìí, mo máa pè é, mo máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ọjọ́bọ̀, 30

A sin Gafar lẹ́yìn ìrun Àílà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo máa kọ ọ́. Bí n kò bá kọ ọ́, mo máa máa rò pé mo lá a ni.

7:11 ni mo pè é. Kò gbé e. Mo ní ó ń bínú. Mo tún pè. Ìgbà kẹta, ẹlòmíràn ló gbé e, ó ń mí gúle-gúle. Felix ni. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ọjà wọlé, òun ń gbọ́ fóònù nínú yàrá Gafar, ilẹ̀kùn wà ní títì látinú. Òun kàn án títí. Òun pe orúkọ rẹ̀. Òun bá fi èjìká já a. "Aunty, e never die, but come. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Ó ṣì ń mí nígbà tí a gbé e dé ọsibítù. Ó lajú, ó rí mi, ẹnu rẹ̀ mì. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Dókítà ní a pẹ́. N kò bi í pé báwo ni a ṣe pẹ́ tó.

Ìyá ti Ìṣẹ́yìn dé lánàá. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí: "Ràhmát, ṣé kò pè ọ́ ni? Àìsàn kì í ṣe Gafar kó má pè ọ́." Mo ní ó pè. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára lọ́jọ́ náà, pé ìjì kan ti inú oòrùn wá, ó ba gbogbo fóònù jẹ́. Ìyá ní, "Inú oòrùn?" Ó wo òkè. Ó ní Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe.

Irọ́ ni. Ìjì tó le bẹ́ẹ̀, fóònù mi dún ketekete.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Ìyá ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó di fìlà Gafar mú.

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ojú Ìyá. Ní àsìkò ìsinmi, mo bá àwọn ọmọbìnrin SS2 lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n ń ṣe eré. Ọ̀kan dúró síta, ó ń lu pátákó, ó ń ké pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o." Àwọn yòókù jókòó, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní Ìdákẹ́ ni, Ma. Wọ́n kà á nínú ìwé ìròyìn. Inú wọn dùn pé mo bi wọ́n.

Mo lọgun mọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí n máa lọ sílé, kí n sinmi.

Ọjọ́rú, 5

Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ sí kafé. N kò mọ ohun tí mo ń wá.

Oòrùn tún bú lálẹ́ àná. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kún débi pé kò lè kà á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní kàn wá. Gbogbo agbára yẹn, ó kọjá lọ sínú òfìfo.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, inú ń bí mi sí oòrùn. Ara mi ló yẹ kí inú bí mi sí. Oòrùn ò mọ Gafar. Oòrùn ò ṣòfin.

Ọjọ́bọ̀, 6

Felix wá. Ó kó ẹrù Gafar wá nínú páálí: aṣọ, bàtà, pátákó eré tó ti ká. Ìwé ajákọ kan wà níbẹ̀, èyí tó ń kọ eré wa sí. Felix ò ka Yorùbá, ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kàn ní, "Aunty, sorry. He try well well."

Mo dúró títí Ìyá fi lọ ṣe àlùwàlá. Mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe kọ ọ́:

29 Oct. ÌDÁKẸ́. 6:11 àárọ̀ sí 6:11 ìrọ̀lẹ́.
10 — ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mu oògùn. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀bù.
2 — ẹ̀yìn. Àyà náà.
4 — Mi ò ní pè. Tí mo bá pè, Aunty á ní màgòmágó ni, kò ní gbé e, Àjàdí á kú.
5:30 — ó kù díẹ̀. Àjàdí, ṣe gírí.
6:11 — mo borí.

Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

6:12 ló pè mí.

Kò rú òfin. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń rò pé ìrora ló jẹ́ kó rú u, pé ó fi eré sílẹ̀, ó pè mí, èmi kò fi eré sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dúró. Ó jókòó ti ìrora láti aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ń ṣọ́ aago, ó jẹ́ kí wákàtí méjìlá pé lójú tirẹ̀, ó wá pè mí nígbà tó yẹ kí n gbé e.

Mo wá tẹ́ẹ̀sì tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó ṣì wà nínú fóònù. "O DE. 6:11. WAKATI MEJILA. MA DA ARA E LAAMU." N kò kọ GMT. Lọ́kàn mi ni mo ti fi wákàtí kan kún un, n kò sọ fún un. Èmi tí mo fi bírò pupa fa ọmọ mọ́kànlá.

Wákàtí kan ni a fi pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo sọ fún Ìyá lánàá, lẹ́yìn ìṣínu. Gbogbo rẹ̀. Eré, òfin, ìpè mẹ́rin, Edith tó ní kí n gbé e. Mo ní kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo kúnlẹ̀. Ìyá fetí sí mi títí mo fi parí. Ó ká ẹní, ó kọjú sí ògiri. Láti ìgbà yẹn kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i láàárọ̀ yìí, kò dáhùn. Mo gbé sààrì síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò wò mí. N kò lè bínú. N kò mọ iye wákàtí tí tirẹ̀ máa gbà.

Ọ̀gá Richard pè láago mẹ́wàá, ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó ní kí n má ṣe ìyọnu, pé ẹ̀dà tí mo ti fún òun tẹ́lẹ̀, èyí tí wọn kò ti ṣílẹ̀kùn fún Àjàdí, òun lè tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ó ní òun kà á, omi bọ́ lójú òun. Mo ní kó fà á ya. Ó ní, "Sister Ràhmát, ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Àwọn òǹkàwé máa sunkún." Mo ní kì í ṣe èmi ni mo ni òpin ìtàn yẹn mọ́. A ti ta tẹ́tẹ́ lé e, ẹnì kan sì borí.

Mo ti kọ ọ́. Ojú ìwé kan péré ni, kò dára tó ti àkọ́kọ́. Mo yọ ìyá kúrò níbẹ̀, mo fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sí i. Ìjì balẹ̀, gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn, gbogbo ẹnu dákẹ́. Àjàdí dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wo aago. Kíkàn àkọ́kọ́ ló gbọ́ tó fi dìde, ó sì ṣí i.